Francis Bacon: Ọ̀bẹ Tó Mú, Tí Kò Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Ní ọdún 1620, ìwé kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní èdè Látìn. Novum Organum ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ni Francis Bacon, tó jẹ́ adájọ́ tí ipò rẹ̀ ga jù lọ lábẹ́ Ọba James Kìíní. Nínú ìwé náà, ó to oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọkàn ènìyàn máa ń gbà tan ènìyàn jẹ lẹ́sẹẹsẹ, nígbà tí a bá ń dájọ́ lórí ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 1621, adájọ́ yìí kan náà ti jẹ́wọ́ pé òun gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ẹjọ́ wọn wà níwájú òun, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì ti dá a lẹ́bi.

Ìtàn ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Àwọn ẹ̀ka mìíràn ló sábà máa ń kọ́ nípa Bacon, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn onímọ̀ òye. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ó kan àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, nítorí pé ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kan ọ̀rọ̀ ẹnu wa gan-an, pé ọ̀rọ̀ wà lára ohun tó ń bá ìdájọ́ wa jẹ́. Nígbà tí mo sì wo ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ó jọ pé ọ̀rọ̀ kan ló mú òun náà.

Ọjọ́ 22 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1561 ni wọ́n bí i ní York House ní Lọ́ńdọ̀nù. Nicholas Bacon, bàbá rẹ̀, ni olùtọ́jú èdìdì ńlá fún Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Anne Cooke, ìyá rẹ̀, gbọ́ Látìn àti Gíríìkì dáadáa, atúmọ̀ èdè sì ni: òun ló túmọ̀ ìwé tí Bíṣọ́ọ̀bù John Jewel fi gbèjà Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Látìn sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 12 ni Francis nígbà tó wọ Yunifásítì Cambridge ní 1573, òun àti Anthony ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ Aristotle ti sú u. Ó rí i pé ẹ̀kọ́ náà dára fún àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n kò so èso kankan tó lè mú ayé ẹ̀dá rọrùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bá aṣojú ọbabìnrin lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ló wà ní 1579 tí bàbá rẹ̀ fi kú lójijì. Francis ni àbíkẹ́yìn, bàbá náà kò sì tíì ṣètò ogún tirẹ̀ tán. Ohun tó kàn án kéré. Láti ìgbà yẹn títí tó fi kú, gbèsè kò fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ràn ìgbé ayé ọlọ́lá, ilé ńlá, àwọn ìránṣẹ́ tó pọ̀ àti aṣọ tó dára, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé kò tó èyí tó ń jáde. Ní 1598, wọ́n tilẹ̀ mú un lójú ọ̀nà nítorí gbèsè. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn.

Ó kọ́ iṣẹ́ amòfin, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kó tó pé ọmọ ọdún 21. Ní 1593, ọbabìnrin béèrè owó orí tó pọ̀ láàárín ìgbà kúkúrú. Bacon dìde ní ilé ìgbìmọ̀, ó ní agbára àwọn ará ìlú kò ká a. Inú bí ọbabìnrin, ipò tí Bacon ń wá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ ìjòyè kan, Earl ti Essex, bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n fi í ṣe agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba, ẹ̀bẹ̀ náà kò wọlé. Essex wá fún un ní ilẹ̀ kan ní Twickenham láti fi tù ú nínú.

Ní oṣù kejì ọdún 1601, Essex dìtẹ̀ sí ọbabìnrin, wọ́n sì mú un. Bacon, ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wà lára àwọn tó dìde ní ilé ẹjọ́ láti ta kò ó. Wọ́n bẹ́ Essex lórí ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Àwọn kan pe Bacon ní aláìmoore, àwọn kan ní òfin ló tẹ̀ lé. Ohun tó ṣe kókó fún ìtàn wa ni pé, láti ọjọ́ yẹn, Bacon ní ẹ̀rí kan lọ́kàn nípa ara rẹ̀: ẹnìkan fún òun ní ẹ̀bùn ńlá rí, ẹ̀bùn náà kò sì dí òun lójú.

Nígbà tí James Kìíní gorí oyè ní 1603, ọ̀nà là fún un. Ó di igbákejì agbẹjọ́rò àgbà ní 1607, agbẹjọ́rò àgbà ní 1613, olùtọ́jú èdìdì ńlá bíi ti bàbá rẹ̀ ní 1617. Ní 1618 ó di Lord Chancellor, ìyẹn ni pé òun ni olórí ilé ẹjọ́ Chancery, níbi tí ẹjọ́ ilẹ̀, ogún àti àdéhùn ti ń kó jọ pelemọ. Àárín gbogbo iṣẹ́ yìí ló ti ń kọ ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí.

Idola ni Bacon pe àwọn ẹ̀tàn inú ọkàn tó ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ẹni tó bá ń yára lè pè é ní ère tàbí òrìṣà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Látìn ti yá a túmọ̀ sí àwòrán lásán, ohun tó ń fara hàn bí ẹni pé ó wà. Nítorí náà, òjìji ni màá máa pè é. Mẹ́rin ni òjìji náà.

Èkínní ni Òjìji Ìran Ènìyàn, èyí tó wà lára gbogbo wa nítorí pé ènìyàn ni wá. Bacon ṣàkíyèsí pé bí ọkàn bá ti gba èrò kan, ohun gbogbo tó bá rí lẹ́yìn náà ni yóò máa fà wá láti ti èrò náà lẹ́yìn. Bí ẹ̀rí tó ta kò ó bá tilẹ̀ pọ̀ jù, yóò fojú fò ó tàbí kó wá àwáwí fún un. Ó fi ìtàn àtijọ́ kan ṣe àlàyé: wọ́n mú ọkùnrin kan lọ sí tẹ́ḿpìlì, wọ́n fi àwòrán àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún àwọn ọlọ́run tí wọn kò sì kú sínú òkun hàn án. Wọ́n bi í bóyá ó wá gbà báyìí pé àwọn ọlọ́run lágbára. Òun náà bi wọ́n pé níbo ni àwòrán àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì rì wà.

Gbogbo wa la mọ tẹ́ḿpìlì yìí. Ní ìdánwò, ẹni tó ka ìbéèrè àtijọ́ nìkan tó sì yege ni yóò máa sọ ọ́ káàkiri pé ìbéèrè àtijọ́ tó. Ẹni tó ka ìbéèrè àtijọ́ nìkan tó sì fìdí rẹmi kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì láti jẹ́rìí. Ẹ̀rí tí à ń gbọ́ kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ni à ń gbọ́.

Èkejì ni Òjìji Ihò. Olúkúlùkù ní ihò tirẹ̀ tó ń gbé, èyí tí ẹ̀kọ́, ìwà àbínibí àti iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́ fún un, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í wọ inú rẹ̀ tààrà. Bacon mú William Gilbert, oníṣègùn tó ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí òòfà, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: ó ní nígbà tí Gilbert ti fara ṣiṣẹ́ lórí òòfà tán, ó wá fi òòfà ṣàlàyé ohun gbogbo. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Gilbert gbà pé ayé wa yìí ló ń yí, Bacon sì kọ̀ ọ́. Ní ti ìyẹn, ẹni tó wà nínú ihò kì í ṣe Gilbert.

Ẹ̀kẹrin ni Òjìji Ìtàgé: àwọn ẹ̀kọ́ ńláńlá tí a jogún, tí wọ́n tò dáadáa bí eré orí ìtàgé, tí a sì ń gbà gbọ́ nítorí pé wọ́n dùn-ún wò.

Mo fo ẹ̀kẹta nítorí pé òun ni tiwa: Òjìji Ọjà. Bacon ní òun ló ń dani láàmú jù. Ọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń bára wọn ná ọjà, ohun tó bá sì yé ọ̀pọ̀ èrò ni wọ́n fi ń sọ nǹkan lórúkọ. A rò pé àwa là ń darí ọ̀rọ̀, kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yóò fi yíjú padà máa darí òye wa. Ó ní oríṣi méjì ni. Àwọn ọ̀rọ̀ kan jẹ́ orúkọ ohun tí kò sí. Àwọn mìíràn jẹ́ orúkọ ohun tó wà, ṣùgbọ́n tí a kó ohun tí kò jọra pọ̀ sábẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ Látìn tó dúró fún ohun tó lọ́rinrin ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó tú u palẹ̀, ó sì rí i pé bí ènìyàn bá tẹ̀ lé ìtumọ̀ kan, ọwọ́ iná lọ́rinrin; bó bá tẹ̀ lé òmíràn, eruku kúnná lọ́rinrin; bó bá tún tẹ̀ lé òmíràn, gíláàsì náà lọ́rinrin.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Aṣọ tó tutù ni èyí tí omi wà lára rẹ̀. Omi tó tutù ni èyí tí kò gbóná. Ẹja tútù ni èyí tí wọn kò yan. Ewé tútù ni èyí tí kò tíì gbẹ. Ẹni tó tutù ni ẹni tí kì í tètè bínú. Kò sí wàhálà nínú gbogbo èyí, títí ìdájọ́ yóò fi wọ̀ ọ́. A máa ń sọ pé òtútù ń mú ènìyàn, yálà ọyẹ́ ló ń fẹ́ tàbí ibà ló ń ṣe é. Nítorí pé orúkọ wọn dọ́gba, ó rọrùn fún wa láti gbà pé ohun tó fà wọ́n dọ́gba. Ẹni tó ń gbọ̀n yóò máa di ẹ̀bi ru òjò tó pa á lánàá, ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn kò ní wá sí i lọ́kàn.

Bacon kò kàn ka àrùn sílẹ̀, ó wá oògùn pẹ̀lú. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun kan ṣe àkọsílẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó ń wádìí ohun tí ooru jẹ́, ó kọ́kọ́ ka ibi 27 tí ooru wà, ìtànṣán oòrùn wà lára wọn. Lẹ́yìn náà, ó wá ibi tó jọ wọ́n ṣùgbọ́n tí ooru kò sí, bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ooru ti ń pọ̀ tàbí tó ń dín kù. Lójú tirẹ̀, àkọsílẹ̀ kejì lágbára púpọ̀, nítorí pé òun ni ọkàn kì í fẹ́ ṣe. Ọ̀nà yìí ló gbé e dé ìpinnu pé oríṣi ìrìn kan ni ooru jẹ́, ohun tí àwọn onímọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́nà tiwọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní oṣù kìíní ọdún 1621, ó pé ọmọ 60 ọdún, ọba sì fi í jẹ Viscount St Alban. Ní oṣù kẹta, ilé ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Inú ń bí àwọn aṣòfin sí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ọba fún láṣẹ láti dá ọjà kan tà, Edward Coke, ọ̀tá Bacon láti ọjọ́ pípẹ́, sì wà láàárín wọn. Àwọn méjì jáde wá. Christopher Aubrey ní òun fún Bacon ní 100 pọ́n-ùn nígbà tí ẹjọ́ òun ń falẹ̀. Edward Egerton ní òun fún un ní 400 pọ́n-ùn. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi lọ́wọ́ Bacon lẹ́yìn tó ti gbowó tán. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi yọjú, ẹ̀sùn sì di 28.

Bacon kò sọ pé òun kò gbowó. Ohun tó sọ fún ọba ni pé oríṣi mẹ́ta ni irú owó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni kí adájọ́ bá ènìyàn ṣe dúnàádúrà láti yí ẹjọ́ po nígbà tí ẹjọ́ ń lọ. Ó ní ọwọ́ òun mọ́ pátápátá níbẹ̀. Èkejì ni kí adájọ́ gba ẹ̀bùn nígbà tó rò pé ẹjọ́ ti parí, láì wádìí dáadáa. Ó ní bóyá òun jẹ̀bi níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kó gbà á lẹ́yìn tí ẹjọ́ ti parí. Ó ní òun kò rí àléébù nínú ìyẹn. Kò dá ayé ẹ̀bùn sílẹ̀. Nígbà náà, ìjòyè ń fún ọbabìnrin ní ẹ̀bùn ọdún tuntun, àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ní ààfin ń fún òṣìṣẹ́ ọba ní nǹkan, owó oṣù sì kéré.

Ẹ̀bùn ni orúkọ tí ọjà fún un. Èmi rò pé orúkọ yìí ni Òjìji Ọjà tó mú Bacon. Aṣọ ọdún tuntun, ilẹ̀ Twickenham àti 400 pọ́n-ùn Egerton, ọ̀rọ̀ kan náà ló bò wọ́n, bí tutù ṣe bo ẹja àti ìwà. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí kì bá ti ràn án lọ́wọ́ láti sá pamọ́: àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí a bá tú u, bẹ̀ àti tẹ́lẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ náà ti gbé àsìkò sínú ara rẹ̀. Kò béèrè bóyá adájọ́ yí ẹjọ́ po, ó kàn béèrè bóyá owó ṣáájú ìdájọ́. Àwọn bàbá wa sì ti fi òwe parí rẹ̀ pé bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Òwe náà kò sọ pé ojú olè nìkan ló ń tì.

Títí dòní, àwọn tó ń gbèjà Bacon máa ń nawọ́ sí Aubrey àti Egerton: ṣé ẹ rí i, wọ́n fún un lówó, ó sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àwòrán méjì lára ògiri tẹ́ḿpìlì ni ìyẹn, bí ọ̀rọ̀ Essex ṣe jẹ́ àwòrán kan níbẹ̀ fún Bacon fúnra rẹ̀. Ta ló fún un lówó tó sì jàre? Ta ni kò fún un ní kọ́bọ̀, tí ẹjọ́ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ láìgbọ́? Ẹ̀bùn lè má yí ìdájọ́ padà, kó sì yí ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ padà. Ẹni tí kò lówó tó fẹ́ fún adájọ́ kò ní ẹ̀sùn tó lè mú lọ sí ilé ìgbìmọ̀. Ó kàn ń dúró. Bacon tó ka ibi 27 tí ooru wà, tó sì wá ibi tí kò sí, kò ṣe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àpò ara rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀sùn náà dé iwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́wọ́. Ó gbà pé òun gba owó nígbà tí àwọn ẹjọ́ kan ṣì ń lọ, àti pé òun yá owó lọ́wọ́ àwọn kan tí ẹjọ́ wọn wà níwájú òun. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1621, wọ́n ní kó san 40,000 pọ́n-ùn, kó lọ sẹ́wọ̀n ní Tower títí yóò fi wu ọba láti tú u sílẹ̀, kó má sì di ipò kankan mú mọ́. Ọjọ́ mélòó kan ló lò ní Tower, ọba sì dárí owó náà jì í. Ó padà sílé, ó kọ ìtàn Ọba Henry Keje, ó sì fi kún ìwé àròkọ rẹ̀ títí ó fi di 58 ní 1625.

Ó kú ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1626 ní Highgate. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ni pé ó ra adìyẹ, ó ki yìnyín sí i nínú láti wò ó bóyá kò ní bàjẹ́, òtútù ibẹ̀ ló sì pa á. Gbèsè tó fi sílẹ̀ ju 20,000 pọ́n-ùn lọ.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àṣìṣe ló máa jẹ́ bí a bá ka ìtàn yìí tán tí a sì sọ pé alágàbàgebè lásán ni Bacon, nítorí pé yóò rọ̀ wá lọ́rùn jù. Lọ́dún 1960, Peter Wason ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ènìyàn ní nọ́ńbà mẹ́ta, 2, 4, 6, ó ní kí wọ́n wá òfin tó tò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mú kìkì nọ́ńbà tó bá èrò wọn mu wá. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ tún rí i pé bí ènìyàn bá tilẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀tàn ọkàn wọ̀nyí, lára ẹlòmíràn ló ti máa ń tètè rí wọn. Mímọ orúkọ àrùn kò wo àrùn sàn.

Ohun tí mo mú nínú ìgbé ayé rẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ kejì ṣòro fún ẹni tó ni ọ̀rọ̀ láti ṣe fúnra rẹ̀. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ lórí àǹkóò fáwẹ́lì, ọ̀bẹ, ẹsẹ̀, òkè àti eku yóò máa wá fúnra wọn, inú mi yóò sì máa dùn. Ẹni tí kò ní ìfẹ́ sí òfin mi ni yóò rántí télọ̀, níbi tí é àti ọ̀ ti jókòó pọ̀. Télọ̀ kò ba òfin náà jẹ́. Ó fi ibi tí ọ̀rọ̀ àyálò ti yà kúrò nínú rẹ̀ hàn wá. Ìdí nìyí tí mo fi ní láti gbé iṣẹ́ àṣekágbá mi fún akẹgbẹ́ kan tí kò gbà pẹ̀lú mi kí n tó gbé e fún olùbẹ̀wò. Kì í ṣe pé kó wá bá mi ṣàtúnṣe àmì ohùn. Kó wá ibi tí òfin mi kò ti ṣiṣẹ́ ni.